Ihò Tí Mo Fi Sílẹ̀ Nínú Àpótí Nnaalongo

Mo ti bẹ àwọn tó ń tẹ ìwé yìí pé kí wọ́n má ṣe yí orúkọ mi padà. Kí ni wọ́n fẹ́ bò? Gbogbo ìlú Masaka ló ti gbọ́. Kyeswa ni mo ń jẹ́. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, Àlọ́-Ò-Mú-un ni wọ́n ń pè mí, kí wọ́n tó wá sọ mí di Abuyọ̀-sí-Bàbá-Àna. Orúkọ àkọ́kọ́, mo jí i ni. Èkejì, mo ṣiṣẹ́ fún un.

Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe nígbà náà. Èyí tó ń bọ́ mi ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Tí ilé-iṣẹ́ fọ́tò kan bá ra ẹ̀rọ tuntun, èmi ni wọ́n ń pè pé kí n wá so ó, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Èyí tó wù mí lọ́kàn ni iṣẹ́ agbẹnusọ. Lọ́dọ̀ wa, ọkọ ìyàwó kì í la ẹnu sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Agbẹnusọ ilé ìyàwó á pàlọ́, á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, á ní òun ò mọ̀ yín rí. Agbẹnusọ ọkọ á tú àlọ́, á dá yẹ̀yẹ́ padà, títí inú ẹbí ìyàwó á fi rọ̀.

Wàhálà tèmi ni pé n kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Mo lè pariwo o. Mo lè wọ kanzu funfun tó balẹ̀, kí n sì na ọrùn sókè bí ẹni tó ni ìlú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti pàlọ́ fún mi, ọpọlọ mi á dúró gbagidi.

Níbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kan ní Kalungu ni Bàbá Ssemmambo ti kọ́kọ́ rí mi mú. Òun ni ọ̀gá gbogbo agbẹnusọ ilé ìyàwó ní agbègbè wa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àna wa, kí ló dúró láàárín ilé wa, tí kì í jẹun, tí kì í sùn, tí ilé ò sì lè dúró láìsí i?"

Mo ronú títí. Mo ní, "Ìyá àgbà ni."

Òpó ilé ni ìdáhùn rẹ̀. Gbogbo abẹ́ tẹ́ǹtì bú sẹ́rìn-ín. Ssemmambo dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán, ó wá ní, "Ìyá àgbà tiwa ń jẹun o, wọ́n sì ń hanrun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bu omi fún ọmọkùnrin yìí. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń gbóná."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn relé. Mo bá a sùn, mo bá a jí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa Nnaalongo wàyí. Ìyá ìbejì là ń pè ní Nnaalongo, obìnrin yìí ló sì ni ilé-iṣẹ́ fíìmù tó tóbi jù ní Masaka. Ó ní yàrá kan lẹ́yìn tí àwọn agbẹnusọ ti ń dánra wò. Wọ́n á dúró níwájú kámẹ́rà, wọ́n á sọ gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ sọ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á wá wo ara wọn kí wọ́n lè rí ibi tí ẹnu ti kọsẹ̀. Ọjọọjọ́ Tuesday ni Ssemmambo máa ń wá. Inú àpótí kan ni gbogbo fíìmù náà ń lọ.

Èmi ni mo gbé àpótí náà kalẹ̀. Dúdú ni, kò ju búrẹ́dì ńlá kan lọ, ó kàn jókòó sábẹ́ tábìlì, ó ń tan iná kékeré aláwọ̀ ewé. Gbogbo kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ń kó fíìmù sínú rẹ̀. Mo so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, torí Babirye, èyí tó jẹ́ Táyé nínú àwọn ìbejì Nnaalongo, wà ní yunifásítì ní Kampala, láti ọ̀hún ló sì ti ń bá ìyá rẹ̀ gé fíìmù. Ọjọ́ tí mo so ó tán ni Nnaalongo ti yí páswọ́ọ̀dù padà lójú mi.

Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo kọ́lé, ó ṣeun. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilé mi kì í sùn nínú àpò ẹlòmíì."

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi mí ṣẹ̀sín ní Kalungu tí àwọn tó ṣe àpótí náà fi kọ̀wé sí gbogbo àwa tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìwé náà kò gùn. Wọ́n ní àwọn ti rí ihò kan lára rẹ̀. Tí èèyàn bá mọ ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n ń kọ mọ́ ìdí àdírẹ́sì àpótí náà, yóò wọlé bí onílé, kò sẹ́ni tó máa bi í ní páswọ́ọ̀dù. Àtúnṣe ti wà, kí a gbé e sórí rẹ̀ lónìí, kí a má dọ̀la. Ọjọ́ kẹta, aláìníṣẹ́ kan ti kọ ọ̀rọ̀ náà síta fún gbogbo ayé.

Ogún ìṣẹ́jú péré ni àtúnṣe náà ń gbà. Oníbàárà mẹ́fà ló ní irú àpótí yìí lọ́wọ́ mi. Mo ṣe ti márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà ẹni kẹfà ni mo dé, ìyẹn ilé-iṣẹ́ Nnaalongo, ni ohùn Ssemmambo bá sọ sí mi létí: ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń gbóná.

Nnaalongo ní, "Kyeswa, ó dáa tó o yà. Àpótí rẹ yìí ti ń tan iná pupa láti àárọ̀. Kí ló ń ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Nnaalongo. Àwọn tó ṣe é ló fẹ́ ta òmíràn fún yín. Ìpolówó ọjà ni."

"Ìpolówó pupa?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, mà. Wọ́n fẹ́ kẹ́rù bà yín."

"Olè ni gbogbo wọn," ló wí, ó sì bu tíì fún mi. Mo mu tíì náà. Mo tún ní kó fi ṣúgà kún un.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ti èmi yàtọ̀ díẹ̀. Ògiri lanu, bíríkìlà tó mọ ọ́n ló di aláǹgbá.

Lọ́sàn-án Thursday ọ̀sẹ̀ yẹn, mo jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń jẹ bọ̀ọ̀lì, mo ní n ó kàn wò ó ni, bóyá ihò náà wà lóòótọ́. Ẹ ò rí i pé òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ níṣẹ́ ni mí? Mo kọ ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo ní n ó kàn wo fíìmù kan péré, kí n lè mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìgbà tí mo fi jẹ bọ̀ọ̀lì tán, mo ti wo mẹ́rin.

Ssemmambo rèé pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti awò ojú, ó ń pàlọ́ fún àga òfìfo. Tó bá pa á tán, á dáhùn fúnra rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á tún un pa. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.

Ní Sátidé ọ̀sẹ̀ yẹn, èmi àti Ssemmambo tún pàdé. Ó pàlọ́ mẹ́fà, mo tú mẹ́fà. Àwọn obìnrin ké, "Yéè!" Àwọn ọkùnrin dìde fún mi. Sátidé tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Láàárín oṣù méjì, àwọn èèyàn ti ń gbà mí síṣẹ́ láti Kampala. Orúkọ tuntun mi wọ̀ mí bíi fìlà. Ojúkòkòrò sì gbà mí lọ́kàn débi pé Ssemmambo ò tíì ní parí àlọ́ tí n ó ti tú u.

Lọ́jọ́ kan, ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, mo ti dáhùn. Ó wò mí, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó tún wo ojú mi. Ó ní, "Àna wa, ẹ̀yin ń gbọ́ ohun tí n kò tíì sọ." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ fún ara mi.

Ní Monday tó tẹ̀ lé e, Nnaalongo pè mí wá sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀. "Kyeswa, Ssemmambo ní ó dà bíi pé ẹnì kan ń gbọ́ òun nínú yàrá ẹ̀yìn. Ṣé àpótí yìí ò lè máa tú àṣírí?"

"Nnaalongo! Ẹ̀fọn gan-an ò lè wọ ibẹ̀."

"Ẹ̀fọn ò ní kọ̀ǹpútà," ló wí. Ó wò mí pẹ́ kó tó kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ó pe Babirye ní Kampala lọ́jọ́ yẹn kan náà. Àpótí yẹn máa ń kọ gbogbo àlejò rẹ̀ sílẹ̀, ọjọ́ tó wá, wákàtí tó wá, àti ibi tó gbà wá. Èmi tí mo so ó, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n rántí. Babirye rí i pé àlejò kan ń wá ní gbogbo ọ̀sán Thursday, íńtánẹ́ẹ̀tì ṣọ́ọ̀bù mi ló sì ń gbà wọlé. Wọn ò bá mi jà. Wọn ò dí ihò náà. Wọ́n pe Ssemmambo.

Àárín ìgbà yẹn ni Lutaaya, àbúrò mi kan ṣoṣo, wá bá mi. Ó ń tún ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bó kọfí ṣe. Ó ti fẹ́ràn Nakayiza fún ọdún mẹ́ta, bàbá ọmọbìnrin náà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí a wá ni. Ta ni ilé ìyàwó fi ṣe agbẹnusọ? Ssemmambo.

Lutaaya ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá mi padà. Tí mo bá pàdánù Nakayiza, mi ò mọ ohun tí mo máa fi ayé mi ṣe."

Ìyá wa kò fara mọ́ ọn. Ó ní kí wọ́n lo Kasujja, àbúrò bàbá wa.

Mo ní, "Màmá, akólòlò ni wọ́n!"

"Wọ́n ń kólòlò, àmọ́ wọ́n máa ń béèrè ọ̀rọ̀. Etí ló ń ṣiṣẹ́ agbẹnusọ, kì í ṣe ẹnu."

Mo fi ìyá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ dárí jì mí.

Ní Thursday tó ṣáájú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ náà, mo gba ihò mi wọlé. Ssemmambo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kanzu rẹ̀ ló wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì fá irùngbọ̀n. Ó yẹ kí n bi ara mi pé ta ló ń múra fún. Ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà, ó ní, "Jjajja, ìyá bàbá ìyàwó, ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn nílé yẹn. Tí wọ́n bá ní rárá, ó parí. Àmọ́ wọ́n fẹ́ràn tata díndín ju ẹ̀mí wọn lọ. Ní kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, torí àwọn obìnrin àtijọ́ kì í jẹ tata. Ẹni tó bá gbé apẹ̀rẹ̀ tata síwájú wọn, ó ti gbéyàwó lọ. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí Kyeswa mọ̀ o!"

Mo rẹ́rìn-ín débi tí bọ̀ọ̀lì bọ́ lọ́wọ́ mi.

Oṣù kọkànlá ni, ìgbà tí tata ń rọ̀ wá bí òjò. Mo rán Lutaaya lọ sí ọjà Nyendo pé kó ra èyí tó dára jù, kí wọ́n dín in pẹ̀lú àlùbọ́sà, kí wọ́n bu iyọ̀ sí i dáadáa. Ó gbé e dé, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló sọ fún yín pé Jjajja fẹ́ràn rẹ̀?"

"Agbẹnusọ kì í sọ orísun ọ̀rọ̀ rẹ̀."

"Ṣé ẹ ti béèrè ìdílé wọn?"

Ọ̀rọ̀ ńlá ni ó sọ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ìdílé bàbá ni olúkúlùkù ń jẹ́, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹ̀dá kan tó jẹ́ èèwọ̀ fún un. Ẹ̀dá yẹn ni ìdílé fi ń jórúkọ, kò sẹ́ni tó ń jẹ orúkọ bàbá rẹ̀ lọ́bẹ̀. Obìnrin kì í sì í bọ́ ìdílé rẹ̀ sílẹ̀ nílé ọkọ.

Mo ní, "Ìdílé Ọ̀bọ ni ilé ìyàwó, gbogbo ayé ló mọ̀."

"Bàbá àgbà ni ti Ọ̀bọ. Jjajja ńkọ́? Ṣebí ibòmíì ni wọ́n ti fẹ́ wọn wá? Ẹ jẹ́ kí n lọ bi Nakayiza."

"Kí àṣírí lè tú, àbí? Lutaaya, ta ni agbẹnusọ, èmi tàbí ìwọ?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mí, kí ló tún fẹ́ sọ?

A dé Bukakata, abúlé ilé ìyàwó, ní Sátidé, ọ̀sán gangan. Nnaalongo ló ń ya fíìmù. Babirye náà wà níbẹ̀, ó di kámẹ́rà kejì mú, ó ń wò mí bí ẹni ń wo ọ̀bọ nínú àgò. Ssemmambo pàlọ́ mẹ́ta, mo tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò bú mi. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń káàánú èèyàn.

Nígbà tó yá, ó ní, "Àna wa, ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa. A ti rí aṣọ, a ti rí ewúrẹ́, a ti rí ẹmu. Ṣé ó ti tán?"

Mo ní, "Kò tíì tán, àna wa! Ti ìyá àgbà ló kù!"

Mo gba apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ Lutaaya. Mo rìn gba àárín tẹ́ǹtì méjèèjì kọjá, kanzu mi ń wọ́ ilẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú Jjajja. Mo ṣí i.

Àwọn tó wà nítòsí sún àga sẹ́yìn. Obìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu. Jjajja tẹ orí, ó wo inú apẹ̀rẹ̀.

"Kí lèyí, ọmọ mi?"

"Tata díndín ni, Jjajja. A gbọ́ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo apẹ̀rẹ̀ náà padà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń bo òkú. Ó gbé ojú sókè sí àwọn ẹbí rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ wá wo nǹkan. Wọ́n gbé bàbá mi wá fún mi nínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ ti bu iyọ̀ sí i."

Ọmọ ìdílé Tata ni Jjajja.

Ariwo sọ. Àwọn ọmọ ilé dìde. Ssemmambo gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn dákẹ́. Ó rìn wá síbi tí mo kúnlẹ̀ sí.

"Àlọ́-Ò-Mú-un, ẹyọ kan ló kù. Yàrá kan wà tí kò ní ju ilẹ̀kùn kan lọ. Èmi nìkan ni mo wọ ibẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn, mo pa irọ́ kan fún àga, n kò sọ irọ́ náà fún ẹ̀dá alààyè kankan. Báwo ni irọ́ mi ṣe dé inú apẹ̀rẹ̀ rẹ?"

Mo fa apẹ̀rẹ̀ náà mọ́ra.

Láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, Babirye ní, "Ẹ bu omi fún un."

Ó wá ka gbogbo rẹ̀ sókè, Thursday mẹ́rìndínlógún, aago kan ọ̀sán, láti ṣọ́ọ̀bù Kyeswa. Nnaalongo kàn ń ya fíìmù lọ.

Ssemmambo bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Mo rò pé wàá béèrè ni. Ẹnikẹ́ni nínú abúlé yìí lo bá bi, wọn ì bá ti sọ fún ọ. Mi ò mọ̀ pé ẹnì kan wà láyé tó lè gbé e wá."

Bàbá ìyàwó ti dìde. Lutaaya ló dojú kọ. "Ọkùnrin tó ń yọjú wo yàrá wa kó tó di àna wa, tó bá wá di àna tán ńkọ́? Ẹ kó ẹrù yín."

A gbọ́ ẹkún Nakayiza láti inú ilé. Lutaaya kúnlẹ̀ sínú eruku, òun tí kò yẹ kó la ẹnu lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, mi ò mọ̀. Mo fi ìyá mi búra, mi ò mọ̀." Lẹ́yìn náà ló yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, mo bi yín. Ṣebí mo bi yín?"

N kò lè wò ó. Ojú ń tì mí débi pé ó wù mí kí ilẹ̀ lanu.

Jjajja ló gbà wá. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀, kò mọ̀, ẹ wo ojú ẹ̀. Kó padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Kó mú ẹni tó ní etí dání wá. Èyí tó jẹ́ kìkì ojú yìí, kó jókòó sílé."

Ní Monday, Nnaalongo ní kí n wá dí ihò mi. Babirye jókòó tì mí, ó ní kí n máa sọ ohun tí mò ń ṣe sókè bí mo ṣe ń ṣe é. Ogún ìṣẹ́jú. Iná pupa kú, iná ewé tàn. Nnaalongo bu tíì fún Babirye, ó bu fún ara rẹ̀, ó dé ìkòkò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn oníbàárà mi márùn-ún tó kù ti pe ẹlòmíì wá wo àpótí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ̀rọ yín bá ń tan iná pupa, tí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ní ìpolówó ni, ẹ má fún un ní tíì.

Wọ́n padà lọ sí Bukakata lẹ́yìn oṣù kan. Wọ́n ní Kasujja kólòlò láti ìkíni dé ìdúpẹ́, pé àlọ́ kan ṣoṣo gbà á tó ìdajì wákàtí, pé Jjajja fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní Lutaaya sunkún nígbà tí Nakayiza jáde síta. Gbogbo rẹ̀, wọ́n ní, wọ́n ní. Ilé ni mo wà.

Ìyá mi ní kí n lọ bẹ Lutaaya kó jẹ́ kí n wo fíìmù rẹ̀. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fún mi lóúnjẹ, ó bi mí nípa iṣẹ́, kò sì dárúkọ fíìmù.

Inú àpótí Nnaalongo ló wà. Mo mọ ibi tí wọ́n ń kó irú rẹ̀ sí, mo mọ àdírẹ́sì rẹ̀ lórí. Nígbà míì, tí mo bá ń jẹ bọ̀ọ̀lì lọ́sàn-án Thursday, ọwọ́ mi á kọ ọ́, n ó jókòó, n ó máa wo ibi tí wọ́n ti ń béèrè páswọ́ọ̀dù. Èmi ni mo dí ihò yẹn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tí mo ṣe dáadáa lọ́dún náà nìyẹn.